Wíwá Rúùtù Àbẹ̀jẹ́

Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdu 2025

Òní la lọ rí dókítà ojú. Ojú òsì Dádì ti lọ pátápátá, a ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ti ọ̀tún ni dókítà wá ń sọ báyìí: ó ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sáàárín, bí ìgbà téèyàn ń rọra ti fèrèsé. Oògùn tí à ń kán sí i lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá a dúró. Ọdún kan ló fún wa, ó pẹ́ tán méjì. Ọmọbìnrin ni dókítà yìí, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ń fi sùúrù bá Dádì sọ̀rọ̀. Ó ní irú àrùn yìí máa ń wà nínú ẹbí.

"Bàbá, ṣé ìyá yín náà ní ìṣòro ojú?"

Dádì ní, "Mi ò mọ̀."

"Kí ló pa wọ́n, sà?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ó kú."

Dókítà wò mí. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Dádì ti pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí wọn ti pé méjìdínlọ́gọ́ta, ohun kan ṣoṣo tí mo sì mọ̀ nípa ìyá wọn ni pé ó fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó bá ọkùnrin lọ. Bí Bàbá Jọs ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn, ìyẹn àbúrò bàbá wọn tó tọ́ wọn dàgbà. Nínú ilé wa, a kì í béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdu

Òjò láti àárọ̀. Omi ti kún iwájú búlọ́ọ̀kù wa dé ibi àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ni kò síná. Mo bi Dádì pé kí lorúkọ ìyá wọn. Àkàrà ni wọ́n ń jẹ. Ìgbà tí wọ́n nu ọwọ́ tán ni wọ́n wá ní, "Rúùtù. Wọ́n tún máa ń pe obìnrin yẹn ní Àbẹ̀jẹ́. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní dókítà ló béèrè. Kì í ṣe irọ́, kò sì jẹ́ òótọ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà á: mo fẹ́ kí Dádì rí ojú ìyá wọn, kó tiẹ̀ jẹ́ nínú fọ́tò, kí ojú ọ̀tún yẹn tó lọ.

Ajé, 9 Òkúdu

Olúmidé àbúrò mi pè láti Àbújá. Mo sọ ohun tí mò ń rò fún un, kò dùn mọ́ ọn nínú rárá.

"Àǹtí Láídé, tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n sọ nípa màmá yẹn náà lẹ bá níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa padà wá sọ fún Dádì pé òótọ́ ni?"

Mo ṣáà ní mà á kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún Dádì ní Èbúté Mẹ́ta. Tí mo bá bá ohun tí kò dáa, mà á gbé e mì.

Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdu

Mo wọ rélùwéè tuntun láti Mile 2. Ó tutù nínú ẹ̀, ó sì mọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀ ní ibùdó Tíátà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá dé Èbúté Mẹ́ta.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, ó sì ń ṣe bíi pé owó báńkì náà làwọn ìwé yẹn. Ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́. Ó ní kí n tún un fọ̀, kí n nù ún dáadáa, torí omi burú ju ìdọ̀tí lọ fún ìwé. Mo tún un fọ̀.

Ó bi mí ní ọdún tí a ń wá. Mo ní 1940. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi ṣí i kan ibẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Igbe. Charles Ọbáfẹ́mi. Bàbá: Charles Ṣówándé, akọ̀wé Rélùwéè. Ìyá: Rúùtù Àbẹ̀jẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí àwọn òbí fọwọ́ sí i. Orí ìlà kejì, lẹ́tà gbọọrọ tó dagun sọ́wọ́ ọ̀tún: R. Àbẹ̀jẹ́.

Mo na ìka sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ó gbà kí n fi fóònù yà á. Mo padà sílé tèmi ti ẹ̀rín. Wọ́n ti kọ́ ọ níwèé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdu

Mo lọ sí ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti wá ìwé ikú. Wọ́n ní àwọn ìwé ọdún tí mò ń béèrè ti bómi lọ. Mo ra àgbàdo sísun kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mo jẹ ẹ́ nídùúró, mo wálé.

Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ pè mí láàárọ̀. Ó ní orúkọ Rúùtù Àbẹ̀jẹ́ kò jẹ́ kí òun gbádùn látìgbà tí mo ti lọ, òun ti lọ tú ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ ayé ìgbà yẹn. "Ẹ máa bọ̀, mà. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á."

Mo jókòó, mo kà á. Mo ń dà á kọ síbí bó ṣe wà níbẹ̀, ọdún 1944:

"Rúùtù, opó Charles Ṣówándé tí ó ti jẹ́ akọ̀wé Rélùwéè, wá síwájú Ìgbìmọ̀. Ó wí pé àwọn ẹbí ọkọ òun fẹ́ kí àbúrò ọkọ òun ṣú òun lópó, òun sì kọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gba ọmọkùnrin òun Ọbáfẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ́wọ́ òun, tí wọ́n sì ti òun síta. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ìjọ bá òun gba ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó sì sunkún púpọ̀. Ìgbìmọ̀ pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni èyí, kí ó padà lọ bá wọn rẹ́."

Ìlà kan ṣoṣo ló tún kù, ti 1946: "A yọ orúkọ Rúùtù Àbẹ̀jẹ́ kúrò nínú ìwé ìjọ, nítorí ó ti fẹ́ Bádrù, olóbì, Mùsùlùmí, ní Àgége."

Àbúrò ọkọ. Bàbá Jọs nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbé omi wá fún mi. Kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ mi tó wà lórí ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Ọjọ́ méjì rèé, mi ò tíì lè la ẹnu fún Dádì. Mo kà á fún Olúmidé lórí fóònù. Ìgbà tí mo kà á tán, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Àǹtí, ẹ lọ kà á fún wọn. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kan, ọ̀la kan."

Gáàsì tún ti gbówó lórí. Mo fi èédú se ẹ̀wà.

Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Mo kà á fún Dádì lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí nídìí fèrèsé, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìsàmì, mo sì rọra kà á títí dé "ó sì sunkún púpọ̀." Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Wọ́n dúró dè mí. Mo kà á parí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó kúnlẹ̀?"

"Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, sà."

"Nítorí tèmi?"

"Ẹ̀yin ni, Dádì. Orúkọ yín wà níbẹ̀."

Wọ́n ní kí n ka ibi orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Wọ́n ní, "Bàbá Jọs tọ́ mi dáadáa, Láídé. Ó rán mi níwèé. Àwọn ọmọ ẹ̀ ò jẹ ẹran jù mí lọ." Wọ́n nu ojú. "Ó sì parọ́ fún mi ní gbogbo ayé ẹ̀. Méjèèjì, èwo ni kí n dì mú báyìí?"

Mo ní kí wọ́n di méjèèjì mú. Mi ò mọ̀ bóyá èsì gidi nìyẹn.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Mo rò pé oògùn ojú ni. Wọ́n ní, "Bádrù olóbì tó wà ní Àgége yẹn, ìgbà wo lo fẹ́ lọ wá ilé ẹ̀?"

Àìkú, 6 Agẹmọ

Dádì ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin. "Obìnrin yẹn" ti kúrò lẹ́nu wọn, "ìyá mi" ni wọ́n ń pè é látàárọ̀.

Ajé, 14 Agẹmọ

Òjò ò jẹ́ kí n tètè jáde. Dádì fẹ́ bá mi lọ, mo ní rárá, ilẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n bínú, wọ́n yí ojú sí ògiri bí ọmọdé.

Ní Àgége, mi ò mọ ibi tí mà á ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń béèrè Bádrù olóbì lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí wọn ò tíì bí nígbà tí ọkùnrin náà kú. Ẹnì kan ló ní kí n lọ rí Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà ní àdúgbò yẹn, torí òun ni olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, òun ló sì mọ gbogbo àwọn tó ti kú.

Ìyá àgbà yìí gbé àga fún mi. Mo sọ ohun tí mò ń wá. Ó ní Bádrù olóbì, òun mọ̀ ọ́n, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ilé ẹ̀ ti di ilé àwọn mìíràn. Ó bi mí ní orúkọ ìyàwó ẹ̀. Mo ní Rúùtù. Ó mi orí. Kò sí Rúùtù kankan níbí. Mo ní Àbẹ̀jẹ́. Ó rò ó títí, ó wá wọlé lọ, ó gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ alásàlátù ni, ti 1962. Wọ́n kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ń pe obìnrin náà ládùúgbò síwájú ẹ̀.

Ó ní kí n bá òun kà á torí ojú òun ò ríran mọ́. Mò ń fi ìka tọ ọ́ lọ. Sínótù, Ìyá Ìbejì. Ráfátù, Ìyá Aláṣọ. Ó di ìlà kẹtàlélógún: Rúkáyà Àbẹ̀jẹ́, Ìyá Ọbáfẹ́mi.

Ìka mi dúró síbẹ̀. Ìyá Àdínì ní, "Kí lo rí?" Mo sọ ọ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá Ọbáfẹ́mi. Kí ló dé tóò tètè sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sí Rúkáyà níbí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Rúùtù. A ò sì rí Ọbáfẹ́mi ọ̀hún rí. Tí èèyàn bá béèrè, á ní ọmọ òun wà nírìn-àjò."

Ó ní 1987 ni wọ́n sin ìyá náà. Ṣùgbọ́n wọ́n bí ọmọbìnrin kan tó ṣì wà láàyè, Àlájà Sáfúrátù, tí ọkọ ẹ̀ kó lọ sápá ọ̀dọ̀ wa. "Ibi tí àwọn ọkọ̀ epo pọ̀ sí yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Satellite Town, mà?"

"Ẹn-hẹn."

Ogún ọdún ni mo fi ń gba Satellite kọjá lọ síbi iṣẹ́. Mo kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀, Ìyá Àdínì ní òun á jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, ó ṣàdúà fún mi. Mo ní Àmín bíi ti wọn.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Fóònù ò dún. Dádì ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kú.

Ẹtì, 18 Agẹmọ

Mò ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ nígbà tó pè. Ohùn ọmọbìnrin kan, jẹ́jẹ́. "Ẹ káàsán, mà. Hidaayah lorúkọ mi. Ìyá ìyá mi ní kí n pe nọ́ńbà yìí. Wọ́n gbọ́ pé ẹ ń wá wọn."

Kí n tó dáhùn, ẹnì kan ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ohùn àgbàlagbà, ó le, kò kí mi.

"Ṣé Ọbáfẹ́mi wà láàyè?"

Mo ní, "Ó wà láàyè, mà. Bàbá mi ni. Wọ́n wà nínú pálọ̀."

Mo gbọ́ tó ń mí. Ó wá ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ń tún un sọ, "Ó wà láàyè. Ó wà láàyè o. Wọ́n ní ó wà nínú pálọ̀." Mo gbé fóònù fún Dádì. Wọ́n dì í mú sétí. Nígbà tó yá, Dádì ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Mo sá wọ kíṣìnnì lọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún.

Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Oòrùn ràn lónìí. Olúmidé wá láti Àbújá, òun ló wa ọkọ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ epo tó tò sí títì, Dádì wọ dàńṣíkí funfun tí wọ́n ti fúnra wọn lọ̀ láàárọ̀, wọn ò gbà kí n bá wọn lọ̀ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan jíjẹ ni Àlájà ní, iwájú ilé ló wà, mílíìkì àti ṣúgà àti bisikíìtì dé òkè àjà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Hidaayah, ọmọ ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Nígbà tí Dádì sọ̀ kalẹ̀, kò dìde. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ní, "Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n wò yín."

Dádì dúró. Ó wò wọ́n látòkè délẹ̀. Ó wá dìde, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, Dádì ń gbìyànjú láti fà á sókè, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu páálí mílíìkì. Olúmidé ló dì wọ́n mú.

Ìgbà tí a jókòó tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jowú yín jìnnà."

"Èmi?"

"Èmi ni mo wà nílé. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń fọṣọ. Tí wọ́n bá ń pe ìyá wa, Ìyá Ọbáfẹ́mi. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé èmi ò tó ọmọ tí wọ́n ń fi pe ìyá ni. Wọ́n ní, 'Ìwọ, o wà lọ́dọ̀ mi. Tiẹ̀, orúkọ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.' Látọjọ́ náà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Hidaayah gbé fọ́tò wá. Ìyá àgbà kan lórí àga onígi níwájú ilé, ìborùn funfun, ọwọ́ lórí orúnkún. Dádì gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún. Ojú yẹn kò lè rí odidi nǹkan mọ́, nítorí náà wọ́n ń rọra gbé fọ́tò náà kiri: iwájú orí, wọ́n dúró, ojú, wọ́n dúró pẹ́, imú, ẹnu, àgbọ̀n.

"Láídé," wọ́n ní, "ìwọ rèé."

Àlájà ní, "Mo ti rí i látìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ fún wa pé ojú ìyá àwọn náà ti ń ṣú kí wọ́n tó kú. Mo ti bá Hidaayah sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń mú Àlájà lọ bá dókítà wa.

Nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́, Àlájà ní ìyá àwọn ò jókòó tẹtẹrẹ o. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Bàbá Jọs ti kó ọmọ lọ sí Jọs lókè ọ̀hún, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn ní 1949. Àwọn ará ilé Bàbá Jọs ò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹnu géètì ni wọ́n ti rí ọmọ náà, wọ́n fún un ní bàtà, wọ́n ní kó máa lọ síwèé dáadáa, wọ́n padà.

Dádì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàtà kánfáàsì," wọ́n ní. "Funfun."

Àlájà ní, "Èmi ò mọ àwọ̀ ẹ̀. Ọmọ ọdún kan ni mí."

"Funfun ni. Ó tóbi díẹ̀, mo ki òwú sí iwájú ẹ̀. Bàbá Jọs ní obìnrin tó ń ta bàtà ni. Mo ní kí ló dé tí kò gba owó." Wọ́n ń wo ògiri ṣọ́ọ̀bù bíi pé ibẹ̀ ni Jọs wà. "Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún mi lẹ́sẹ̀. Ó pọn ọmọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ na ọwọ́, ó fa etí mi, kò fi í sílẹ̀. Ó fà á títí mo fi ké."

Àlájà rọra na ọwọ́ kọjá orí àwo ìrẹsì, ó mú etí ọ̀tún Dádì, ó fà á.

"Èmi ni," ó ní.

Mi ò gbọ́ kí bàbá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Olúmidé ní láti jáde síta.

Àìkú, 27 Agẹmọ

Ó rẹ gbogbo wa. A sùn títí di aago mẹ́sàn-án, a pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì.

Ọjọ́bọ̀, 31 Agẹmọ

Mo gbé ẹ̀dà fọ́tò náà lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ó lọ fọ ọwọ́ kó tó gbà á.

Ajé, 4 Ògún

Àlájà ti ń pè láràárọ̀ báyìí, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, òun àti Dádì á sì ta ko ara wọn lórí ohun gbogbo, títí kan bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kán oògùn ojú. Lónìí, mo bá Dádì nínú yàrá, báàgì kékeré wà lórí bẹ́ẹ̀dì: dàńṣíkí mẹ́ta, bíbélì, oògùn ojú nínú àpò ọ̀rá. Mo ní ibo lẹ̀ ń lọ, sà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ni, Hidaayah ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún wọn, kí n má wulẹ̀ máa pè ní wákàtí wákàtí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá ẹni tó máa fi mọ́tò gbé wọn. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ti tó. Mo tẹ̀lé wọn dé géètì, mo di báàgì mú. Kẹ̀kẹ́ kan dúró.

"Bàbá, ibo là ń lọ?"

"Satellite," Dádì ní. "Ilé ọmọ ìyá mi."

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n wọlé, mo gbé báàgì sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n tún aṣọ ara wọn ṣe. Kẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n tún ń sọ ọ́ fún ọkùnrin náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi pé kò gbọ́ ti àkọ́kọ́: "Ọmọ ìyá mi ló ń gbé ibẹ̀."